Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ privacy policy tó bá ohun tẹ́ ẹ ń ṣe gan-an mu

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe sábà máa ń lọ. Wọ́n á kọ́ wẹ́bsáìtì tán, tàbí áàpù, ó ku ọ̀la kó jáde, ẹnì kan á wá sọ pé "ẹ̀yin èèyàn, privacy policy ńkọ́?", ni wọ́n bá sáré lọ sórí wẹ́bsáìtì ẹlòmíì, wọ́n kọ́pì tiẹ̀, wọ́n pààrọ̀ orúkọ, ó tán. Mo ti rí èyí tí orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti jí i kọ ṣì ń bẹ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, irú ẹ̀ pọ̀ níta.

Ohun tó burú ńbẹ̀ ju ìtìjú lọ. Privacy policy ni ìwé tẹ́ ẹ fi ń sọ fún àwọn tó ń lo nǹkan yín pé ohun tá a ń gbà lọ́wọ́ yín rèé, ohun tá a fi ń ṣe rèé, àwọn tá a ń gbé e fún rèé, ìgbà tá a máa pa á rẹ́ rèé, ohun tẹ́ ẹ sì lè ṣe tí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn rèé. Ìlérí ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú terms of service o, ìyẹn ni òfin tẹ́ ẹ fi lélẹ̀ fún oníbàárà, èyí ni ẹ̀yin fúnra yín ti ọrùn bọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá kọ́pì tẹlòmíì, ìlérí tí ẹ ò mọ̀dí ẹ̀ lẹ bọwọ́ lù yẹn, wọ́n sì lè fi mú yín.

Lọ́dún 2000, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Toysmart, tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì l'Amẹ́ríkà, wọko gbèsè. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú privacy policy wọn pé àwọn ò ní gbé dátà kọ́sítọ́mà, ìyẹn ìsọfúnni nípa wọn, fún ẹnikẹ́ni láéláé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n fẹ́ ta orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà náà mọ́ ọn, ni FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, bá gbé wọn lọ sí kóòtù. "Láéláé" tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ló dè wọ́n.

Ṣé ó pọn dandan kẹ́ ẹ ní in? Bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Láti 2004 ni òfin California ti ní kí wẹ́bsáìtì tó bá ń gba dátà lọ́wọ́ ará ibẹ̀ gbé e síta. GDPR, òfin Yúróòpù lórí dátà àwọn èèyàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 25, 2018, Brazil ní tiẹ̀, South Africa ní tiẹ̀, Nàìjíríà náà ṣe Data Protection Act lọ́dún 2023. Àwọn òfin míì láàárín wọn, ibi tí oníbàárà yín wà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì yín wà nìkan. Ká tiẹ̀ wá ní òfin kankan ò kàn yín, Google Play àti App Store ò ní gba áàpù yín láìsí línkì ẹ̀, Google Analytics, tó ń bá wẹ́bsáìtì ka iye àlejò, náà sì kọ ọ́ sínú àdéhùn tiẹ̀ pé ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ ní in. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ gbogbo ohun tó ń wọlé sílẹ̀

Ẹ má tíì kọ policy kankan. Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí yìí náà làwọn èèyàn sì máa ń fò. Ẹ mú bébà tàbí kẹ́ ẹ ṣí spreadsheet kan, ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: kí là ń gbà, ọ̀nà wo ló ń gbà wọlé, kí la fẹ́ fi ṣe, ta ló tún ń rí i, ìgbà wo la máa pa á rẹ́. Tẹ́ ẹ bá kún un dáadáa, ẹ ti kọ ìdajì policy yín tán láìmọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni dátà ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni èyí tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀: orúkọ, íméèlì, nọ́ńbà fóònù, ádírẹ́sì, fọ́tò. Ìyẹn rọrùn, ẹ ṣáà ṣí gbogbo fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ kà á. Ìkejì ni èyí tí ẹ̀rọ ń kó fúnra ẹ̀ láìbéèrè: IP address (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), irú fóònù àti bráúsà, aago tó wọlé, ojú ewé tó ṣí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fóònù ní fún ìpolówó. Sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bsáìtì yín ń gbé, ń kọ púpọ̀ nínú ẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí bẹ́ ẹ ṣe ń kà yìí, yálà ẹ mọ̀ tàbí ẹ ò mọ̀, torí bí wọ́n ṣe ṣe sáfà nìyẹn. Ìkẹta ni èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì wá, bíi kí èèyàn fi àkáǹtì Google tàbí Facebook wọlé, tàbí kí iléeṣẹ́ tó ń gba owó fún yín fi orúkọ ẹni tó sanwó ránṣẹ́.

Èyí tó ń fara pamọ́ lẹ máa wá dáadáa. Fídíò YouTube tẹ́ ẹ gbé sójú ewé, máàpù, bọ́tìnì "like", pixel (kóòdù kékeré tó ń tọpa àlejò) tẹ́ ẹ fi sí i torí ìpolówó tẹ́ ẹ sì ti gbàgbé, chat kékeré tó máa ń yọ ní kọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló ń fi dátà ránṣẹ́ jáde. Kódà fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé sójú ewé. Ní January 2022, kóòtù kan ní Munich, ní Jámánì, ní kí oníwẹ́bsáìtì kan san 100 yúrò fún ẹni tó yà sórí wẹ́bsáìtì ẹ̀, torí pé ó ń gbé Google Fonts wá láti orí sáfà Google, IP address àlejò náà sì ń lọ sọ́dọ̀ Google láìgbàṣẹ. Owó náà kéré lóòótọ́, àmọ́ ẹ wò ó, fọ́ńtì lásán-làsàn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí wọn: ẹ ṣí wẹ́bsáìtì yín lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Network sí, ẹ wá ṣí ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo orúkọ tó bá jáde níbẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì bi ara yín pé kí lèyí ń wá níbí. Tó bá jẹ́ áàpù, ẹ ní kí ẹni tó bá yín kọ ọ́ kó gbogbo SDK (kóòdù tí iléeṣẹ́ míì ṣe tí wọ́n fi sínú áàpù) tó wà nínú ẹ̀ jáde, kó sì ṣàlàyé gbogbo àṣẹ tí áàpù ń tọrọ lórí fóònù, bíi kámẹ́rà, contacts àti ibi téèyàn wà. Ẹ má gbàgbé dátà tó ti jáde kúrò lórí wẹ́bsáìtì náà o, ìyẹn íméèlì tó kún inbox, orúkọ tó wà lórí WhatsApp ẹni tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, fáìlì Excel tí ẹnì kan dáúnlóòdù sórí laptop ẹ̀ lọ́jọ́sí.

Bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́, ẹ máa gé e kù. Ọjọ́ ìbí tẹ́ ẹ ń béèrè nínú fọ́ọ̀mù yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò bá lè dáhùn, ẹ yọ ọ́ dànù. Ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn, òṣèlú, ìka ọwọ́ àti ojú téèyàn fi ń ṣí nǹkan, òfin púpọ̀ ló mú ìwọ̀nyí le ju ìyókù lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án tí ò bá jẹ́ iṣẹ́ yín gan-an.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń gbà á

"A ń lo dátà yín láti mú iṣẹ́ wa dára sí i." Gbólóhùn yìí wà níbi gbogbo, kò sì sọ nǹkan kan. Dátà wo? Báwo ló ṣe ń mú un dára? Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ so ohun kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí tiẹ̀, báyìí: "A ń gba nọ́ńbà fóònù yín kí ẹni tó ń gbé ẹrù wá lè pè yín. A kì í fi pè yín torí ìpolówó." Gbólóhùn méjì péré, kò sì sẹ́ni tí ò ní yé.

Tẹ́ ẹ bá ní oníbàárà ní Yúróòpù, GDPR tún fẹ́ kẹ́ ẹ sọ ohun tó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti lo dátà náà. Mẹ́fà ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló máa ń kan oníṣòwò: ẹni náà gbà bẹ́ẹ̀, tàbí iṣẹ́ tó ní kẹ́ ẹ ṣe fóun ò lè ṣeé ṣe láìsí i, tàbí òfin ló ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ bíi rìsíìtì owó orí, tàbí ó jẹ́ àǹfààní tó tọ́ fún iléeṣẹ́ yín tí ò sì tẹ ẹ̀tọ́ ẹni náà mọ́lẹ̀. Ẹ má fi "ó gbà bẹ́ẹ̀" sí gbogbo ẹ̀ o, torí ẹni tó gbà lónìí lè sọ pé òun ò gbà mọ́ lọ́la, ẹ ó sì dáwọ́ dúró.

Ní January 2019, CNIL, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ dátà ní Faransé, bu 50 mílíọ̀nù yúrò lé Google lórí. Lára ohun tí wọ́n sọ ni pé àlàyé tí Google ṣe fọ́n káàkiri oríṣiríṣi ojú ewé, èèyàn á tẹ ibí tẹ ọ̀hún kó tó rí i, àti pé ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò ṣe pàtó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta ló tún ń rí i?

Ẹni tó ni sáfà, ẹni tó ń gba owó, ẹni tó ń bá yín fi íméèlì ránṣẹ́, ẹni tó ń ka iye àlejò, àwọn onípolówó. Tẹ́ ẹ bá lè dárúkọ wọn, ẹ dá a, tó bá pọ̀ jù, ẹ pè wọ́n ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ sọ orílẹ̀-èdè tí sáfà wà tí kì í bá ṣe ibi tí oníbàárà wà. Ẹ fi kún un pé tí ìjọba bá fi ìwé kóòtù wá, ẹ lè ní láti fún wọn, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí dátà náà tẹ́ ẹ bá ta iléeṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Toysmart nìyẹn, ká ní wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: "A kì í ta dátà yín." Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ lábẹ́ òfin California, ó lè jẹ́ títà bẹ́ ẹ bá gbé dátà fẹ́nì kan tó sì fi nǹkan tó wúlò san án padà, kódà tí kì í ṣe owó. Sephora, àwọn tó ń ta àtíkè àti lọ́fíńdà, ò sọ fún oníbàárà pé àwọn ń tà, bẹ́ẹ̀ wọ́n jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ míì máa tọpa àwọn tó wá sórí wẹ́bsáìtì wọn. Ní August 2022 wọ́n gbà láti san 1.2 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba California. Tí pixel ìpolówó bá wà lórí wẹ́bsáìtì yín, ẹ má tíì kọ gbólóhùn yẹn.

Ti Flo tún wà ńbẹ̀, áàpù tí obìnrin fi ń ka nǹkan oṣù. Wọ́n ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ìlera ò ní jáde, FTC wá fẹ̀sùn kàn wọ́n pé SDK tó wà nínú áàpù ń fi í ránṣẹ́ sí Facebook, Google àtàwọn míì. Lọ́dún 2021 ni wọ́n parí ẹ̀, Flo sì gbà láti máa gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn èèyàn kó tó pín ọ̀rọ̀ ìlera wọn. Ṣé ẹ rí i bí ìgbésẹ̀ kìíní ṣe ṣe pàtàkì tó? Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ní èrò burúkú lọ́kàn kí dátà tó máa jò lábẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: títí dìgbà wo?

"A ó tọ́jú ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá yẹ." Ta ló máa sọ ìgbà tó yẹ? Ẹ fi nọ́ńbà sí i. Bí àpẹẹrẹ: àkáǹtì yín á wà títí tẹ́ ẹ fi máa pa á rẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ 30 a ó yọ ọ́ kúrò nínú backup (ẹ̀dà tá a fi pamọ́ torí ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́) náà, àkọsílẹ̀ sáfà, ọjọ́ 90, rìsíìtì, iye ọdún tí òfin owó orí bá ní ká fi tọ́jú ẹ̀. Níbi tí nọ́ńbà ò bá ti ṣeé fi sí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń wò tẹ́ ẹ fi ń pinnu. Kẹ́ ẹ tó wá kọ ọjọ́ 30 yẹn, ẹ bi ẹni tó ń bójú tó sáfà bóyá ó tiẹ̀ ṣeé ṣe, torí backup míì wà tí kì í parẹ́ títí ayé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀tọ́ wọn, àti ẹni tó máa dá wọn lóhùn

Èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tẹ́ ẹ ní nípa òun, kó tún èyí tí ò tọ̀nà ṣe, kó ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́, kó gba ẹ̀dà ẹ̀ kó sì gbé e lọ síbòmíì, kó ní kẹ́ ẹ yé fi dátà òun ṣe ìpolówó, kó sì fẹjọ́ yín sun àjọ tó ń bójú tó dátà. Kì í ṣe gbogbo òfin ló fún wọn ní gbogbo ẹ̀, àmọ́ èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ ṣáà fún gbogbo oníbàárà ní ọ̀kan náà, ó máa ń rọrùn ju kẹ́ ẹ máa béèrè ìlú tó ti wá.

Kíkọ ọ́ kọ́ ló ṣòro níbẹ̀. Ta ló ń ka íméèlì tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀? GDPR fún yín ní oṣù kan láti dáhùn, California fún yín ní ọjọ́ 45. Ẹ fi íméèlì ránṣẹ́ síbẹ̀ fúnra yín láti ibòmíì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnì kankan á dáhùn. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má ní kí ẹni tó kàn fẹ́ jáde nínú lísíìtì íméèlì fi pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́, dátà míì lẹ tún ń gbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: cookies, ọmọdé, ààbò

Mo pa mẹ́ta pọ̀ torí wọ́n kúrú.

Lórí cookies, ìyẹn fáìlì kékeré tí wẹ́bsáìtì ń fi sínú bráúsà èèyàn kó lè máa dá a mọ̀, kóòtù àgbà Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ Planet49, October 1, 2019, pé àpótí tẹ́ ẹ ti bá èèyàn máàkì sílẹ̀ kì í ṣe pé ó gbà, àti pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ iye ọjọ́ tí cookie kọ̀ọ̀kan máa lò àti bóyá ẹlòmíì lè rí i. Nítorí náà ẹ ṣe tábìlì kékeré: orúkọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, ọjọ́ ẹ̀, ẹni tó ni ín.

Lórí ọmọdé, òfin COPPA l'Amẹ́ríkà ní kẹ́ ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí kẹ́ ẹ tó gba dátà ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13. Ní Yúróòpù, ọdún 16 ni GDPR kọ, àmọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú un wálẹ̀ dé 13. Kíkọ "àwọn ọmọdé ò gbọ́dọ̀ lo èyí" ò ní gbà yín sílẹ̀ tó bá jẹ́ pé kátúùnù ló kún inú áàpù yín.

Lórí ààbò, ẹ má kọ pé dátà yín wà lábẹ́ ààbò ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe: a kì í tọ́jú nọ́ńbà káàdì yín sọ́dọ̀ wa, ẹni méjì péré ló lè wọ ibi tí dátà wà. Kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ tí olè bá wọlé. GDPR ní kẹ́ ẹ fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72 tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, àyàfi tí ò bá jọ pé ó lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wá jókòó kọ ọ́

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò ti wà nínú tábìlì yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, orúkọ iléeṣẹ́ gan-an kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ, àti ibi tí wọ́n ti lè rí yín. Lẹ́yìn náà, ìpínrọ̀ kékeré kan tó sọ kókó ẹ̀ fún ẹni tí ò ráyè. Ìyókù á wá tẹ̀ lé e ní ìtẹ̀léra tá a fi ṣe é níbí.

Ẹ yọ "a lè" kúrò. "A lè gba ibi tẹ́ ẹ wà, a sì lè fún àwọn kan." Ẹ ń gbà á àbí ẹ ò gbà á? Ọ̀rọ̀ abẹ́ ahọ́n ni, àwọn lọ́yà ló fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó síwájú yín. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ní èdè tí áàpù yín ń sọ, torí ní 2021 àjọ tó ń bójú tó dátà ní Netherlands bu 750,000 yúrò lé TikTok lórí pé ìwé àlàyé tí wọ́n fún àwọn ọmọ ibẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Ṣé ẹ lè lo àwọn tó ń ṣe policy ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí AI? Ẹ lè fi ṣe egungun ẹ̀. Àmọ́ kò mọ pixel tó wà lórí wẹ́bsáìtì yín, kò mọ Excel tó wà lórí laptop, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, owó, tàbí ọmọdé ni iṣẹ́ yín, ẹ san owó lọ́yà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ gbé e síta, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe

Línkì ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ gbogbo ojú ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, nínú áàpù fúnra ẹ̀, àti lórí ojú ewé áàpù náà ní store. Ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ àti ohun tẹ́ ẹ dáhùn nínú fọ́ọ̀mù Data safety ti Google Play gbọ́dọ̀ jọra, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ká ọ̀pọ̀ mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sórí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i padà, kíkàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ò tó. Gateway Learning, àwọn tó ń ta Hooked on Phonics tí ọmọdé fi ń kọ́ ìwé kíkà, ti sọ fún oníbàárà tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò ní gbé dátà wọn fún ẹlòmíì, wọ́n wá fi háyà fún àwọn onípolówó, wọ́n sì yí policy wọn padà kó lè bo èyí tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ náà mọ́lẹ̀. FTC mú wọn lọ́dún 2004. Torí náà, policy tuntun fún dátà tuntun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ti àtijọ́ fún nǹkan míì, ẹ padà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ẹ fi íméèlì ránṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tó yí padà ní gbólóhùn méjì mẹ́ta lókè, kẹ́ ẹ sì tọ́jú gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ pẹ̀lú ọjọ́ wọn síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ní ti àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́, òfin kan péré ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi SDK, pixel tàbí ìbéèrè tuntun sínú fọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú tábìlì ìgbésẹ̀ kìíní yẹn.